Ẹ́ńjìnì Kọ́ Ló Yẹ Kí Ẹ Kọ́kọ́ Fọwọ́ Kàn

Wọ́n tún ti bẹ̀rẹ̀. Níbi ìsọmọlórúkọ kan ní Houston lóṣù tó kọjá, àbúrò kan ń sọ fún wa pé òun ra Mazda Miata àtijọ́ kan, ọkọ̀ kékeré oníjókòó méjì, òun sì fẹ́ sọ ọ́ di ọkọ̀ tí òun á máa fi díje lópin ọ̀sẹ̀. Inú mi dùn gan-an. Kí n tó la ẹnu, ẹ̀gbọ́n kan tí kò fi ọkọ̀ díje rí ti gba ọ̀rọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu: "Turbo ni kó o kọ́kọ́ wá. Ọkọ̀ tí ẹ́ńjìnì rẹ̀ kò lágbára, kí lo fẹ́ fi í ṣe?" Gbogbo àwọn tó wà ní tábìlì ló ń mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

Turbo ni ẹ̀rọ tó ń ti afẹ́fẹ́ sínú ẹ́ńjìnì kí agbára rẹ̀ lè pọ̀ sí i. Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi. Mo ti gbọ́ ọ ní ṣọ́ọ̀bù mẹ́káníìkì, mo ti gbọ́ ọ lẹ́yìn ìsìn, mo ti kà á lórí WhatsApp lẹ́nu àwọn tí orí wọn pé nínú nǹkan mìíràn. Kì í ṣe òótọ́. Ẹni tó bá fẹ́ fi ọkọ̀ àtijọ́ díje, ẹ́ńjìnì ni yóò fọwọ́ kàn kẹ́yìn, bó bá tilẹ̀ máa fọwọ́ kàn án rárá.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí autocross, irú ìdíje ọkọ̀ tí mò ń sọ yìí, ṣe rí fún ẹni tí kò dé ibẹ̀ rí. Kì í ṣe pé ọkọ̀ méjì á dúró síbi iná, kí wọ́n wá sá lọ tààrà. Ibi ìgbọ́kọ̀sí ńlá tàbí pápákọ̀ òfurufú àtijọ́ ni wọ́n ti ń ṣe é. Wọ́n á to kóònù ní kọ́lọkọ̀lọ, ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan á wọlé lóun nìkan, aago á sì ka àkókò rẹ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, nǹkan bí ìṣẹ́jú kan ni gbogbo rẹ̀. Kóònù kọ̀ọ̀kan tí ọkọ̀ bá gbá ṣubú, wọ́n á fi ìṣẹ́jú-àáyá méjì kún àkókò ẹni náà. SCCA (Sports Car Club of America), ẹgbẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1944, wà lára àwọn tó ń ṣètò rẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Ìlú Lincoln ní Nebraska ni wọ́n ti ń ṣe ìdíje àpapọ̀ wọn lọ́dọọdún. Gíà kejì ni ọ̀pọ̀ ọkọ̀ máa ń wà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Níbo gan-an ni turbo ti fẹ́ ráyè?

Ẹ bá mi ṣírò. Ẹ mú kọ́nà kan tó jẹ́ pé, bí ẹ bá fà á yí po di òbìrìkìtì, mítà 20 ni láti àárín dé etí rẹ̀. Táyà lásán tó lè fi agbára tó tó ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá ìwúwo ọkọ̀ di ilẹ̀ mú, kìlómítà 48 ní wákàtí kan ló lè gbé ọkọ̀ gba ibẹ̀. Bí ẹ bá fi 55 wọ̀ ọ́, ọkọ̀ á yọ̀ jáde síta. Ẹ yọ táyà yẹn, ẹ fi ojúlówó sí i, èyí tó lè di ilẹ̀ mú dé ìdá mọ́kànlá nínú mẹ́wàá ìwúwo ọkọ̀: kọ́nà kan náà yẹn, 53 lẹ máa fi gbà á. Níbo ni horsepower, ìyẹn ìwọ̀n agbára ẹ́ńjìnì, ti wọlé nínú ìṣirò yìí? Kò wọlé rárá. Ọkọ̀ 100 horsepower àti ọkọ̀ 500 horsepower, bí wọ́n bá wọ irú táyà kan náà, táyà náà ló máa sọ eré tí wọ́n á fi gba kọ́nà yẹn. Bí ìyàtọ̀ bá tilẹ̀ wà, èyí tó wúwo jù ni yóò lọ́ra, torí bí ẹrù orí táyà ṣe ń pọ̀ tó kọ́ ni agbára ìdílẹ̀mú rẹ̀ ṣe ń pọ̀.

Kìlómítà márùn-ún lè dà bí nǹkan kékeré létí ẹni tí kò díje rí. Kọ́nà ló kún ojú ọ̀nà yẹn láti òkè délẹ̀, ní gbogbo wọn lẹ sì ti máa jẹ èrè rẹ̀. Táyà kan náà ló tún ń ṣiṣẹ́ nígbà tí ẹ bá tẹ bíréèkì, òun náà ló ń ṣiṣẹ́ nígbà tí ẹ bá ń sáré jáde. Ibi mẹ́rin péré ni ọkọ̀ ti ń kan ilẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kò sì fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ lọ púpọ̀. Ohunkóhun tí ẹ́ńjìnì fẹ́ ṣe, ibẹ̀ ni yóò gbà.

Ojú mi ló rí èyí tí mo fẹ́ sọ yìí. Miata ọdún 1990 ni mo ń wà. Lítà 1.6 ni ẹ́ńjìnì rẹ̀, 116 horsepower ló ní nígbà tó jáde nílé iṣẹ́, ìwúwo rẹ̀ kò sì ju nǹkan bí 1,000 kílò lọ. Nínú àwọn tí a jọ ń díje, ọkùnrin kan ń wa Mustang GT ayé ìgbà yẹn, 225 horsepower. Lórí títì márosẹ̀, ó máa fi mí sílẹ̀ sẹ́yìn jìnnà. Láàárín kóònù, orúkọ mi ló máa ń wà lókè tirẹ̀ lórí ìwé. Kì í ṣe pé kò mọ ọkọ̀ wà o, ó ti pẹ́ nínú eré yìí jù mí lọ. Táyà rẹ̀ ni kò lè gba ohun tí ẹ́ńjìnì ń fún un. Tó bá ti tẹ iná láti sáré, ẹ̀yìn ọkọ̀ á máa yọ̀ síhìn-ín sọ́hùn-ún. Nígbà tó yá, ó ra ojúlówó táyà, ó pààrọ̀ ṣọ́kì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í nà mí. Kò fọwọ́ kan ẹ́ńjìnì.

Èrò yìí kì í ṣe tuntun. Colin Chapman tó dá ilé iṣẹ́ ọkọ̀ Lotus sílẹ̀ ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Austin 7 àtijọ́ tí wọ́n ṣe ní 1928 ló tú palẹ̀, tó sì sọ di ọkọ̀ ìdíje àkọ́kọ́ rẹ̀ ní 1948. Dídín ìwúwo ọkọ̀ kù ló gbájú mọ́ títí ó fi kú. Ilé iṣẹ́ rẹ̀ gba ife-ẹ̀yẹ àwọn aṣe-ọkọ̀ ní Formula 1 lẹ́ẹ̀meje.

Lórí pápá ìdíje gidi, níbi tí ọkọ̀ ti ń yí po fún ogún ìṣẹ́jú, bíréèkì ló máa kọ́kọ́ kú. Bí eré bá kúrò ní 100 dé 120, ìdá kan nínú márùn-ún ló fi lé, ṣùgbọ́n ooru tí bíréèkì gbọ́dọ̀ gbà fi ìdá 44 nínú ọgọ́rùn-ún lé. Bíréèkì ọ́ìlì tuntun tí ìpele rẹ̀ jẹ́ DOT 3 kò gbọ́dọ̀ hó kó tó dé 205°C. Bó bá ti pẹ́ nínú ọkọ̀, tó ti fa omi inú afẹ́fẹ́ mu, 140°C ni òfin béèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Tó bá ti hó, ẹsẹ̀ yín á kàn wọlẹ̀ lọ ni, ọkọ̀ kò ní dúró. Mo jókòó ti ọ̀rẹ́ mi kan lọ́jọ́ tó ṣẹlẹ̀ sí i, iyanrìn etí pápá ló gbà wá. Turbo ló ti ná owó rẹ̀ tán lé lórí, bíréèkì ọ́ìlì àtijọ́ ló wà nínú ọkọ̀.

Àwọn tó fẹ́ràn ẹ́ńjìnì ńlá á ní V6, ìyẹn ẹ́ńjìnì onísìlíńdà mẹ́fà, dùn ún gbọ́, wọ́n á ní àwọn rí fídíò. Kò kàn mí. Lórí pápá ìdíje bíi ti ìlú Austin ní Texas, tó ní ojú ọ̀nà tààrà tó tó kìlómítà kan, agbára wúlò, mo gbà. Síbẹ̀, kọ́nà ló wà ní òpin ojú ọ̀nà tààrà náà. Nínú òfin SCCA sì rèé, ẹgbẹ́ Street, fún ọkọ̀ tí wọn kò tún ṣe púpọ̀, gba táyà tí treadwear rẹ̀ (nọ́ńbà tó ń sọ bí táyà ṣe máa pẹ́ tó kó tó jẹ tán) kò dín ní 200, ó gba ṣọ́kì, ó gba pádì bíréèkì. Ẹ fi turbo sí ọkọ̀ tí kò bá a wá, wọ́n á gbé yín lọ bá àwọn tó ti tún gbogbo ọkọ̀ wọn ṣe.

Bí owó turbo bá wà lọ́wọ́ yín, ẹ fi wo àwọn bíárìn wíìlì, ẹ pààrọ̀ bọ́ṣì rọ́bà tó ti gbẹ, ẹ di bátìrì mọ́lẹ̀ dáadáa, torí bó bá ń mì, wọn kò ní jẹ́ kí ẹ wọlé. Ẹ ra táyà, ẹ da ọ́ìlì DOT 4 tuntun sí bíréèkì, ẹ ṣe alignment kí àwọn táyà lè dúró déédé. Ẹ fi ìyókù sanwó ìdíje. Lẹ́yìn náà, ẹ bẹ ọ̀kan nínú àwọn àgbà ibẹ̀ pé kó wa ọkọ̀ yín lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ jókòó ti i. Ìyá kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà ló wa tèmi. Táyà mi, ẹ́ńjìnì mi, kóònù kan náà, àkókò rẹ̀ sì dára ju tèmi lọ ní gbogbo ìgbà tó wọlé lọ́jọ́ náà.