Owó yíyá ni, kì í ṣe ọ̀fẹ́

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní ọ̀fẹ́ ni báńkì Grameen ń pín owó fún àwọn ìyá abúlé ní Bangladesh. Ẹ jọ̀ọ́, kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Lọ́dún 1976, Muhammad Yunus, onímọ̀ ọrọ̀ ajé tó dá báńkì náà sílẹ̀, bá àwọn obìnrin kan ní abúlé Jobra tí wọ́n ń fi ọparun ṣe àpótí ìjókòó. Alágbàtà ló ń yá wọn lówó ọparun, òun náà ló ń dá iye tó máa ra àpótí lé wọn lórí. Iṣẹ́ àṣekúdórógbó, èrè táṣẹ́rẹ́! Dọ́là 27 péré ni gbèsè èèyàn 42 ní abúlé náà já sí. Yunus yọ ọ́ lápò ara rẹ̀, ó yá wọn. Láti 1983 tí ètò owó yíyá yìí ti di báńkì Grameen, owó tó ní èlé ló ń yá wọn. Ìyá tó fi owó náà ra màlúù ń yọ nínú owó wàrà san án díẹ̀díẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.