Owó orí nítorí àyíká: níbo lowó náà ń lọ?
Ẹgbẹ́ òṣèlú tó ní òun yóò fowó kún epo mọ́tò àti ọkọ̀ òfuurufú nítorí àyíká, mi ò bá wọn jà. Ṣùgbọ́n níbo lowó náà ń lọ? Owó orí epo ló lé àwọn tó wọ ẹ̀wù aláwọ̀ ìyeyè jáde sí títì láti fẹ̀hónú hàn ní Faransé lọ́dún 2018, torí ará oko tí kò rí bọ́ọ̀sì wọ̀ ló ń dùn jù. Sweden bẹ̀rẹ̀ owó orí kábọ́nù, ìyẹn owó orí lórí èéfín tí epo ń tú jáde, ní 1991, wọ́n sì dín owó orí iṣẹ́ kù pọ̀ mọ́ ọn. Ìyẹn yé mi. Ireland fi sẹ́ǹtì 15 péré lé báàgì ọ̀rá ní 2002, kíá làwọn èèyàn ń mú báàgì tiwọn lọ sọ́jà. (Èmi náà, tí kò bá dun àpò mi, mo máa ń gbàgbé ni.) Bọ́ọ̀sì ni kí wọ́n kọ́kọ́ pèsè o, kí wọ́n tó gbówó lé epo.