Pé ìwé ti pẹ́ kò sọ ọ́ di òótọ́

"Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà." Òwe yìí dára fún ènìyàn, mo sì máa ń pa á fún àwọn ọmọ mi. Ìwé ni kò yẹ ká máa pa á fún. Ọdún kẹrìnlá rèé tí mo ti ń ṣiṣẹ́ láíbìrì nílùú Ìlọrin, mi ò sì tíì rí ìgbàgbọ́ tó ń ṣi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ́nà tó èyí: pé ìwé tó bá pẹ́ jù ni òótọ́ wà nínú rẹ̀, àgàgà tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn.

Lóṣù tó kọjá, ọmọkùnrin kan láti Òmù-Àrán wá bá mi. Pírójẹ́ẹ̀tì àṣekágbá rẹ̀ dá lórí ẹ̀sìn Pagan òde òní, ìyẹn àwọn òyìnbó ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà tí wọ́n ní àwọn ń padà sí ẹ̀sìn tí àwọn baba ńlá wọn ń ṣe kí ẹ̀sìn Kristẹni tó dé. (Níbí, bí o bá pe ènìyàn ní kèfèrí, ìjà ni. Àwọn yẹn ló fi ẹnu ara wọn pe ara wọn ní Pagan, wọn kò kà á sí èébú.) Ó kó ìwé mẹ́rin sórí káńtà mi. Gbogbo wọn ló ní kí wọ́n bá òun tẹ̀ jáde láti inú PDF ní Tanke, wọ́n sì fi wáyà oníke dì wọ́n. Ó ṣí èyí tó wà lókè, ó fi ìka lé ọdún tó wà lójú ewé àkọ́kọ́: "Àǹtí, ẹ wò ó, 1921! Ojúlówó nìyí."

Ìwé Margaret Murray ni, The Witch-Cult in Western Europe. Murray kì í ṣe ẹni yẹpẹrẹ. Onímọ̀ nípa Íjíbítì àtijọ́ ni, University College London ló ti ń kọ́ni. Ohun tó sọ nínú ìwé yìí ni pé àwọn tí wọ́n pè ní àjẹ́ ní Yúróòpù tí wọ́n sì dájọ́ ikú fún, ọmọ ẹ̀sìn ìbílẹ̀ kan ni wọ́n, ẹ̀sìn tó ti wà látayébáyé tí kò sì já rí, pé abẹ́lẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe é. Níbo ló ti rí i? Nínú àkọsílẹ̀ ẹjọ́ wọn. Ẹ dúró níbẹ̀ díẹ̀. Ọ̀pọ̀ àwọn tó jẹ́wọ́ nílé ẹjọ́ wọ̀nyẹn, ìyà ni wọ́n fi gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu wọn. Ìyá arúgbó tí wọ́n ń jẹ níyà lọ́sàn-án lóru, ohun tí wọ́n bá fẹ́ gbọ́ ló máa sọ. Àwa náà mọ irú ìjẹ́wọ́ bẹ́ẹ̀ nílẹ̀ yìí, ta ni yóò wá gbé e kalẹ̀ bí ìtàn?

Ní ọdún 1975, òpìtàn kan, Norman Cohn, padà lọ ka àkọsílẹ̀ tí Murray tọ́ka sí, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tí Murray kọ. Ó rí i pé ohun tí Murray fò lára ọ̀rọ̀ àwọn ènìyàn náà ni àwọn ohun tí kò lè ṣẹlẹ̀ lójú ayé, bíi kí ènìyàn máa fò lófuurufú. Nígbà tó ti gé ìyẹn kúrò, ìyókù wá dà bí ìpàdé ẹgbẹ́ lásán tí ẹnikẹ́ni lè lọ. Bí ẹni tó bá ka ìjẹ́wọ́ náà tán bá mọ̀ pé ìtàn inú àlá ni, ẹni tó ka Murray kò ní mọ̀.

Kí ló wá ṣẹlẹ̀ sí ìwé mẹ́ta yòókù? Ọ̀kan nínú wọn ni Witchcraft Today, tí Gerald Gardner gbé jáde ní 1954, ọdún mẹ́ta lẹ́yìn tí ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fagi lé òfin àjẹ́ tó wà nílẹ̀ láti 1735. Gardner ni bàbá ẹ̀sìn tí wọ́n ń pè ní Wicca lónìí, ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀sìn Pagan òde òní. Ta ló kọ ọ̀rọ̀ ìṣáájú ìwé náà? Murray fúnra rẹ̀. Àwọn méjì tó kù, Murray àti Gardner ni wọ́n dà kọ. Ọmọ yìí rò pé òun kó ẹlẹ́rìí mẹ́rin wá. Mo ní, "Wò ó, mẹ́rin lo kó wá lóòótọ́, ẹnu kan ṣoṣo ló ń sọ̀rọ̀."

Ìlọrin ló yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí ti yé ènìyàn jù. Ẹni tó bá lọ ilé kéú dé ibi hadith mọ̀ pé àáfà kì í tìtorí pé ọ̀rọ̀ ti pẹ́ gbà á. Yóò bèèrè sànádì: ta lo gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀, ta ni òun náà gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀, ṣé àwọn méjèèjì tiẹ̀ pàdé ara wọn rí? Hadith ayédèrú lè ti pé ẹgbẹ̀rún ọdún, ayédèrú náà ni. Ẹ sì wo ìtumọ̀ Kùránì sí èdè Yorùbá. Èyí tó kọ́kọ́ jáde, ní 1906, àlùfáà Kristẹni ló ṣe é, M. S. Cole. Èyí tí àwọn Mùsùlùmí fúnra wọn ṣe jáde ní 1973. Ṣé torí pé ti Cole fi ọdún 67 ṣáájú, òun la ó máa fi kọ́ ọmọ wa? Ìbéèrè tí a mọ̀ bí a ṣe ń bi àáfà, ẹ jẹ́ ká máa bi òǹkọ̀wé òyìnbó náà.

Ìdí tí ìwé àtijọ́ fi pọ̀ lọ́wọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kò sì ní nǹkan ṣe pẹ̀lú òótọ́. Ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé ló ti parí lórí wọn. Ìwé tó jáde ní Amẹ́ríkà ṣáájú 1929, ẹnikẹ́ni lè tẹ̀ ẹ́ láìgba àṣẹ, ìyẹn ló fi kún WhatsApp àti íntánẹ́ẹ̀tì. Bí ọ̀rọ̀ E. A. Wallis Budge ṣe rí nìyẹn. Ìtumọ̀ rẹ̀ fún ìwé òkú àwọn ará Íjíbítì, ti 1895, ni gbogbo ènìyàn ń pín kiri, bẹ́ẹ̀ òye èdè Íjíbítì àtijọ́ ti kúrò níbi tí Budge bá a. Ti Raymond Faulkner, tó jáde ní 1972, ṣeé gbára lé jù ú lọ. Owó ló yà wọ́n sọ́tọ̀.

Nígbà mìíràn, ayédèrú pọ́ńbélé ni ìwé tó pẹ́ náà. Ọ̀pọ̀ tó ń tẹ̀lé ọ̀nà Druid, ìyẹn àwọn Pagan tó ń fara wé àwọn àlùfáà ìbílẹ̀ àtijọ́ ilẹ̀ Wélsì àti agbègbè rẹ̀, ti ka Barddas, tó jáde ní 1862, gẹ́gẹ́ bí ọgbọ́n àwọn baba ńlá ilẹ̀ Wélsì. Ọwọ́ Iolo Morganwg, agbẹ́kùúta kan tó kú ní 1826, ni ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ti wá. Akéwì gidi ni, ó mọ ìwé àtijọ́ Wélsì dunjú, ìdí nìyẹn tí kò fi tètè hàn pé òun fúnra rẹ̀ ló ń hùmọ̀ ohun tó ní òun rí.

Ẹni tó bá rò pé ọ̀rọ̀ òyìnbó nìkan nìyí, kó wo ohun tí wọ́n kọ nípa tiwa. Leo Frobenius, ọmọ Jámánì, dé Ilé-Ifẹ̀ ní 1910. Ó rí orí idẹ Olókun, iṣẹ́ ọnà náà sì dára débi pé kò lè gbà pé àtọwọ́dá Yorùbá ni. Ó ní àwọn ará Gíríìsì ló mú un wá, láti Atlantis, ìlú inú ìtàn tí wọ́n ní òkun gbé mì. Ìwé náà jáde lédè Gẹ̀ẹ́sì ní 1913. Ó ṣáájú ìwé Murray! Ṣé ká torí ìyẹn gbà pé àwọn baba wa kò mọ idẹ rọ? Inú mi máa ń bàjẹ́ tí mo bá rí ọmọ Yorùbá tó ń tọ́ka sí irú ìwé bẹ́ẹ̀ torí ọdún tó wà lójú ewé rẹ̀.

Mi ò sọ pé kí ẹ da ohun àtijọ́ nù o. Ẹ̀rí fúnra rẹ̀ yàtọ̀ sí ìwé tí ẹnì kan kọ nípa ẹ̀rí. Ewì àwọn òrìṣà ilẹ̀ Áísílàǹdì wà nínú ìwé àfọwọ́kọ kan tí wọ́n kọ ní nǹkan bí ọdún 1270. Ìyẹn la kò lè ṣe láìsí. Ṣùgbọ́n ìtumọ̀ tí Bellows ṣe ní 1923 kò sún mọ́ 1270 ju èyí tí Carolyne Larrington tún ṣe ní 2014 lọ. Ẹni tó dé gbẹ̀yìn ló rí àṣìṣe àwọn tó ṣáájú.

Ìtumọ̀ sì léwu lọ́tọ̀. Kí ẹni tí kò gbọ́ Yorùbá fi díkíṣọ́nárì túmọ̀ "orí mi, gbè mí," yóò kọ ọ́ bí ẹni pé ènìyàn ń bẹ agbárí rẹ̀. Gbogbo wa sì mọ ohun tí ìtumọ̀ fojú Èṣù rí. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ràn ìwé tó bá gbé èdè ìpilẹ̀ṣẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìtumọ̀ rẹ̀. Bí William Bascom, onímọ̀ àṣà ará Amẹ́ríkà, ṣe ṣe ẹsẹ Ifá ní 1969 nìyẹn: Yorùbá wà níbẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì wà níbẹ̀, ẹni tó bá gbọ́ èdè lè fi ìka lé ibi tó ti ṣìnà.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ìwé tuntun kì í jẹ́ ọ̀fẹ́. Ìtumọ̀ Edda, ìwé àtijọ́ ilẹ̀ Áísílàǹdì nípa àwọn òrìṣà wọn, tí Anthony Faulkes ṣe ní 1987 wà lórí ìkànnì Viking Society for Northern Research, ẹ ò ní san kọ́bọ̀. Fún ìtàn Wicca, ẹ wá The Triumph of the Moon, ti Ronald Hutton, 1999. Hutton fi hàn pé ọ̀rúndún ogún ni wọ́n to ẹ̀sìn náà pọ̀, kò sì fi àwọn tó ń ṣe é ṣẹ̀sín. Púpọ̀ nínú wọn ti gbà bẹ́ẹ̀ fúnra wọn.

Ọmọ Òmù-Àrán náà padà wá lọ́jọ́ Ọjọ́rú. Ó fẹ́ yọ Murray kúrò pátápátá, èmi ni mo ní kó má yọ ọ́. Ó kàn gbé e kúrò ní orí kejì tó ń sọ ìtàn Yúróòpù àtijọ́, ó gbé e lọ sí orí kẹrin, níbi tó ti ń ṣàlàyé ìwé tí Gardner àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń kà kí ó tó di 1954.