Ẹ fi gbòǹgbò ògbòlò sílẹ̀ nínú ilẹ̀

Lọ sí ìsọ̀ àwọn lẹ́kùlẹ́jà ní Ọjà Akẹ̀sán l'Ọ́yọ̀ọ́, tàbí sọ́dọ̀ àwọn ẹlẹ́wé ọmọ ní Ògbómọ̀ṣọ́, kí o béèrè ògbòlò. Wọn yóò fà á yọ láti abẹ́ tábìlì, igi tí wọ́n gé wẹ́wẹ́ tí wọ́n sì fi okùn dì. Bó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tinú igbó dé, ojú ibi tí àdá ti gé e á ṣì máa yọ̀, á máa fà bí ilá. Tú ìdì náà wò kó o tó sanwó. Bí o bá rí gbòǹgbò nínú rẹ̀, tòun ti erùpẹ̀ pupa tó ṣì lẹ̀ mọ́ ọn, mọ̀ pé ẹni tó wa èyí kò ní í padà rí nǹkan kan wà níbẹ̀ mọ́. Ọ̀rọ̀ gbòǹgbò yìí la fẹ́ bá ará ilé sọ.

Àjàrà igbó ni ògbòlò, Cissus populnea lórúkọ tí àwọn onímọ̀ ewéko fún un. Ẹbí kan náà lòun àti àjàrà tí wọ́n fi ń ṣe wáìnì, èyí tí wọ́n ń kó wá láti òkè òkun tí a sì ń fi owó gọbọi rà. Ọ̀dàn nilé rẹ̀, láti Senegal títí dé Sudan, ilẹ̀ tiwa láti Ògbómọ̀ṣọ́ lọ sí Ìgbẹ́tì àti Kìṣí sì bá a lára mu. Kì í dá dúró. Ara igi mìíràn ló ń fà mọ́, ó sì lè gùn tó mítà 8 sí 10. Èso rẹ̀ kéré, ó máa ń dúdú bó bá pọ́n, kóró kan ṣoṣo ló sì wà nínú rẹ̀.

Àwọn Ígálà àti Ìdómà ń fi èèpo rẹ̀ se ọbẹ̀ òkòhó tó ń fà. Àwọn Haúsá, tó ń pè é ní dafara, a máa fi omi rẹ̀ po amọ̀ kí ògiri lè le. Lọ́dọ̀ tiwa, àwọn ọkùnrin tó ń wá ọmọ ni oníbàárà rẹ̀ jù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ọ̀kan nínú wọn tí kò ní sọ pé ọ̀rẹ́ òun ló rán òun níṣẹ́.

A ò sọ pé ògbòlò ti fẹ́ tán láyé. Ewéko tó wà láti ìwọ̀ oòrùn dé ìlà oòrùn Áfíríkà kì í tán lọ́jọ́ kan, ìdí sì nìyẹn tí ẹnikẹ́ni ò fi bìkítà. Àmọ́ ohun tó pọ̀ ní Senegal lè tán ní Ògbómọ̀ṣọ́, ẹni tó bá sì nílò rẹ̀ níbí kò ní í wọkọ̀ lọ Senegal. Ilẹ̀ tí àwọn bàbá wa máa ń fi sílẹ̀ kó sinmi, tó ń padà di igbó, ibẹ̀ ni ògbòlò ti ń hù jù. Kaṣú ló wà lórí púpọ̀ nínú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ báyìí. Àwọn elédùú náà ò jẹ́ kí igi sinmi: àyìn, ẹ̀mí, igbá, gbogbo igi tí àjàrà lè gùn ni wọ́n ń gé sun. Bí igi bá wó, àjàrà orí rẹ̀ bá a lọ. Lẹ́yìn náà ni iná ọ̀gbẹlẹ̀ yóò dé, tí àwọn ọdẹ tàbí àwọn darandaran tanná ràn, tí yóò sun ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù.

Síbẹ̀, ògbòlò lágídí. Bí àdá gé e, tí iná jó o, bí òjò bá ti rọ̀ yóò tún rúwé láti inú ilẹ̀. Gbòǹgbò ló ń gbà á là. Ẹni tó bá wá fi ọkọ́ wa gbòǹgbò yẹn ti parí iṣẹ́ tí iná àti elédùú ò lè parí.

Àwọn kan á ní kí ìjọba kúkú fòfin dè é. A ò fara mọ́ ọn. Òfin wà tẹ́lẹ̀ ní Old Oyo National Park, tí olú iléeṣẹ́ rẹ̀ wà nílùú Ọ̀yọ́ níbí. Ilẹ̀ rẹ̀ tó kìlómítà 2,512 níbùú lóròó, ẹnikẹ́ni ò sì gbọdọ̀ já ewé níbẹ̀. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ọgbà yẹn ni oko wà, ibẹ̀ náà ló yẹ kí tọjà ti máa wá. Bí wọ́n bá fòfin de ògbòlò lónìí, ìyá arúgbó tó tẹ́ igbá sílẹ̀ ni wọn yóò mú, ọkọ̀ èédú yóò sì gba títì kọjá lójú wọn.

Ọjà ló lè tún ọ̀rọ̀ yìí ṣe. Ẹgbẹ́ lẹ́kùlẹ́jà àti ti ẹlẹ́wé ọmọ ní ìyálọ́jà, wọ́n ní ìpàdé, wọ́n sì mọ bí wọ́n ṣe ń bu owó ìtanràn fún ẹni tó bá ṣẹ̀. Kí wọ́n fẹnu kò pé àwọn ò ní ra ògbòlò tó bá ní gbòǹgbò lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni mọ́. Ẹni tó ń wa á kò ní í wa ohun tí kò ní rí tà. Oníṣègùn tó bá ní gbòǹgbò gan-an lòun nílò, kó gbin tirẹ̀.

Gbígbìn rẹ̀ ló kù, ẹ̀bi ìyẹn kì í ṣe tọlọ́jà. Iléeṣẹ́ ìwádìí igbó ti wà n'Íbàdàn láti 1954, èyí tó ń tọ́jú irúgbìn, NACGRAB, ti wà ní Moor Plantation nílùú kan náà láti 1987, yunifásítì LAUTECH sì wà ní Ògbómọ̀ṣọ́ láti 1990, ó sì ní ẹ̀ka ètò ọ̀gbìn. Kí LAUTECH ya bẹ́ẹ̀dì díẹ̀ sọ́tọ̀ fún ògbòlò kí òjò tó ń bọ̀ yìí tó fẹsẹ̀ múlẹ̀, kí wọ́n tà á ní owó pọ́ọ́kú, kí àwọn ìyá ọlọ́jà sì kọ́kọ́ rà. Igi máńgòrò tó wà lẹ́yìnkùlé ní Ògbómọ̀ṣọ́ kò ṣeé kà, wọ́n sì tó ohun tí àjàrà lè gùn.