Ẹ Yé Bi Ara Yín Pé Kí Ni K-factor Irin

Mo tún rí i lọ́sẹ̀ yìí. Ọ̀dọ́ kan ń bèèrè ìdí tí irin pẹlẹbẹ tó yà nínú CAD (software tí a fi ń ya àwòrán iṣẹ́) fi ń gùn ju bó ṣe yẹ lọ nígbà tí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ tán. Ọ̀gá kan dá a lóhùn kíá: ṣé mild steel ni, fi 0.44 sí K-factor, nọ́ńbà tí software fi ń ṣírò gígùn irin tí a máa tẹ̀, ó parí. Kò bi í pé dáì wo, ìyẹn mọ́ọ̀dì ẹlẹ́nu V tí wọ́n ń tẹ irin lé, ni wọ́n lò. Kò bi í pé radius inú, ìyẹn bí inú ìtẹ̀ náà ṣe rí roboto tó, jẹ́ mélòó. Àwọn mìíràn wá ń gbè é lẹ́sẹ̀, oníkálukú ń pe nọ́ńbà tirẹ̀ fún stainless àti fún alumíníọ̀mù, bí ẹni pé wọ́n ti kọ nọ́ńbà náà mọ́ irin lára láti ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti rọ ọ́. Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi, torí irin tí wọ́n fowó rà ló ń bàjẹ́ lórí rẹ̀.

Nígbà tí a bá tẹ irin, ẹ̀gbẹ́ ìta rẹ̀ máa ń nà, ẹ̀gbẹ́ inú á fún mọ́ra. Láàárín méjèèjì, ìlà kan wà tí kò nà tí kò sì fún. Ibi tí ìlà yẹn wà nínú ìnípọn irin ni K-factor ń sọ, tí a bá wọ̀n ọ́n láti ẹ̀gbẹ́ inú: 0.5 ni àárín gbùngbùn, 0.33 ti sún mọ́ inú. Ìyẹn ò ní àríyànjiyàn. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí software ń fi nọ́ńbà náà ṣe nígbà tó bá ń tẹ́ irin náà pẹrẹsẹ láti fún yín ní flat pattern, ìyẹn àwòrán irin náà kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́. Fún ìtẹ̀ 90°, gígùn irin tó wà nínú ìtẹ̀ náà ni 1.5708 × (R + K × T). R ni radius inú, T ni ìnípọn. Lẹ́yìn náà ló máa ṣírò iye tí yóò yọ kúrò nínú àpapọ̀ ẹsẹ̀ méjèèjì (apá méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìtẹ̀ náà, tí a wọ̀n láti ìta), èyí tí a ń pè ní bend deduction: 2 × (R + T), kí a yọ gígùn yẹn kúrò nínú rẹ̀. R wà nínú ìṣirò náà lẹ́ẹ̀mejì. K ò dá ṣiṣẹ́ níbì kankan.

Níbo wá ni R ti ń wá? Ibí yìí gan-an ni wọ́n ti ń sọnù. Nínú air bending, tí ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ń lò lórí press brake (ẹ̀rọ tí a fi ń tẹ irin), irin kì í gba radius tí ẹ kọ sínú àwòrán yín. Èjìká méjì tó wà ní ẹnu V dáì ni irin náà dùbúlẹ̀ lé, punch, irin tó ń sọ̀ kalẹ̀ láti òkè, á tì í wọnú àlàfo tó wà láàárín wọn, bí ẹnu V náà bá sì ṣe fẹ̀ sí ni radius inú yóò ṣe tóbi sí. Fún mild steel, radius náà máa ń wà ní nǹkan bí ìdá 16 nínú ọgọ́rùn-ún ìbú ẹnu V. Ti stainless tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ, nǹkan bí ìdá 20 sí 22. Ti alumíníọ̀mù tó rọ̀ kéré díẹ̀ sí ti mild steel. Àyàfi bí imú punch bá nípọn ju radius yẹn lọ, ẹnu V ló ń pàṣẹ.

Ẹ jẹ́ ká jọ ṣírò rẹ̀. Mild steel, ìnípọn mílímítà 2, ìtẹ̀ 90°, K 0.44 tí wọ́n fẹ́ràn, a ò sì ní fọwọ́ kàn án rárá. Bí òṣìṣẹ́ bá lo ẹnu V mílímítà 12, radius inú á jẹ́ nǹkan bí 1.92, bend deduction á jẹ́ 3.44. Bó bá lo V 16, radius di 2.56, bend deduction di 3.72. V 20 ńkọ́? Radius 3.2, bend deduction 3.99. Irin kan náà, ìnípọn kan náà, K kan náà. Síbẹ̀, láti V 12 dé V 20, ìtẹ̀ ẹyọ kan ti fi mílímítà 0.55 yàtọ̀.

Ní báyìí, ẹ fi radius sílẹ̀ sójú kan, kí ẹ wá máa yí K. Ẹ gbé e láti 0.33 lọ sí 0.50, èyí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo àyè tí àwọn tábìlì ń jà lé lórí. Ìyàtọ̀ tó máa mú wá lórí ìtẹ̀ kan jẹ́ mílímítà 0.53. Ẹ tún un kà. Gbogbo awuyewuye K-factor, láti ìsàlẹ̀ dé òkè, kò tó ohun tí òṣìṣẹ́ kan ṣe nígbà tó pààrọ̀ dáì láì sọ fún ẹni tó ya àwòrán. Èmi ò mọ ẹ̀rí mìíràn tí ẹnikẹ́ni tún fẹ́ gbọ́.

Wọ́n ti gbé irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ wá bá mi. Ìbòrí àpótí ni, mild steel mílímítà 2, ìtẹ̀ mẹ́rin tó tẹ̀lé ara wọn. Gbogbo ojú rẹ̀ gún régé, àfi ẹsẹ̀ ìkẹyìn, tó fi díẹ̀ lé ní mílímítà 2 gùn jù, ihò skúrù ibẹ̀ kò sì bá ihò ẹnìkejì rẹ̀ mu. Ohun tó fà á tí àléébù fi kó jọ sójú kan ni pé ẹni tó ń tẹ irin ń fi gèèjì ẹ̀yìn ẹ̀rọ tún ojú kọ̀ọ̀kan ṣe, ó wá ń ti àṣẹ́kù síwájú títí ó fi dé ìparí. Kí wọ́n tó pè mí, wọ́n ti ń já K wálẹ̀ títí iṣẹ́ fi bá a mu. Inú wọn dùn. Kò pẹ́, irin kan náà tún bẹ̀rẹ̀ sí í kúrú. Mi ò tilẹ̀ ṣí kọ̀ǹpútà. Orí ẹ̀rọ ni mo lọ, mo wo dáì: V 12 ló wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, V 20 ni wọ́n sì fi tẹ àwọn ti àkọ́kọ́. Ẹ fi 0.55 lọ́nà mẹ́rin, ẹ ó rí mílímítà 2.2 yín. K ò mọwọ́ ò mẹsẹ̀.

Bí ẹ ò bá gbà mí gbọ́, ẹ gé irin mílímítà 2 kan, gígùn rẹ̀ 100 gẹ́lẹ́. Ẹ tẹ̀ ẹ́ láàárín lórí V 16, kí ẹ sì rí i dájú pé 90° ni lóòótọ́ lẹ́yìn tí irin bá ti ta padà díẹ̀. Ẹ fi vernier wọn ẹsẹ̀ méjèèjì láti ìta. Ká ní ọ̀kan jẹ́ 51.8, èkejì 51.9. Àpapọ̀ rẹ̀ 103.7. Ẹ yọ 100 kúrò, ó ku 3.7. 3.7 yẹn ni bend deduction yín, ọwọ́ yín lẹ fi wọ̀n ọ́n, kò sí tábìlì tó lè jiyàn rẹ̀. Ẹ fi gèèjì radius wo inú ìtẹ̀ náà. Bó bá jẹ́ 2.5, tí ẹ sì ṣírò padà sẹ́yìn, K á jáde ní 0.44. Ẹ̀yin tí ẹ gba 0.44 gbọ́ á ti máa yọ̀ níbẹ̀ yẹn. Ẹ má tíì yọ̀. Ká ní ẹ ò wọn radius, tí ẹ fi sílẹ̀ bí Inventor, ọ̀kan lára àwọn software CAD, ṣe máa ń bá yín fi í sílẹ̀, kí radius dọ́gba pẹ̀lú ìnípọn, ìyẹn 2. K tó máa mú 3.7 kan náà jáde ti di 0.37. Ẹ kọ radius 1, K di 0.23. Irin kan ṣoṣo lẹ mú dání, tó ti tutù sórí tábìlì, ẹnikẹ́ni ò sì fọwọ́ kàn án mọ́, ó sì ti ní K mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ gẹ́gẹ́ bí ohun tí ẹ tẹ̀ sínú àpótí radius. Kí ẹnìkan sọ K láì sọ radius àti ẹnu V, ó dà bíi kí èèyàn bi télọ̀ pé yáàdì mélòó ni aṣọ láì sọ ẹni tó fẹ́ wọ̀ ọ́.

Wọ́n á ní ó ti ń ṣiṣẹ́ fún àwọn láti ọjọ́ pípẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni, ìtẹ̀ kan ṣoṣo, dáì kan ṣoṣo, àṣìṣe ìdajì mílímítà tí ẹnikẹ́ni ò wọ̀n. Àwọn mìíràn tiẹ̀ ń da nọ́ńbà láti inú ìlànà DIN 6935 ti Jámánì sínú software wọn tààrà, wọn ò sì kíyè sí i pé k tibẹ̀ kì í ṣe K yìí. Ìdajì ìnípọn ni DIN fi ń lọ́po k tirẹ̀. Nítorí náà, 0.65 ti DIN jẹ́ 0.325 nínú software yín, ẹ sì ti fi ìlọ́po méjì ya àwòrán. Àti pé k inú ìlànà yẹn gan-an ń yí padà bí ìpín radius sí ìnípọn bá ṣe yí padà. Ìwé tí wọ́n ń gbé lérí gan-an ló ń jẹ́rìí takò wọ́n.

Mo gbà pé bí radius bá tóbi ju ìnípọn lọ dáadáa, bíi ti irin tí wọ́n ká, K á sún mọ́ 0.5, kò sì ní fi bẹ́ẹ̀ yẹ̀, àti pé irú irin máa ń dá tirẹ̀ kún un.

Ohun tí mo máa ń ṣe kò le. Mo máa ń bèèrè lọ́wọ́ ẹni tí yóò tẹ irin náà kí n tó fa ìlà kankan: V mélòó lo fẹ́ lò? Radius tí V yẹn máa ń mú jáde ni mo máa ń yà sínú àwòrán. Mo wá máa ń kó bend deduction tí a fi irin ìdánwò wọ̀n sínú bend table software, ìlà kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú irú irin, ìnípọn, ẹnu V àti igun rẹ̀. Ẹ wọn ìnípọn náà fúnra yín, torí irin tí wọ́n pè ní 2 lè jẹ́ 1.9. Bí dáì bá yí padà, ìlà tuntun ni. Mi ò kì í tún ìlà àtijọ́ ṣe.

Ẹ̀yin tí flat pattern yín kọ̀ tí kò ṣí rárá, tí ẹ tún ń yí K kiri, ẹ fi í sílẹ̀. K ń yí gígùn padà ni, kò lè dí irin lọ́wọ́ àtitẹ́. Ẹ wo bóyá igun kan wà tí ẹ ò là, tí irin so mọ́ ara rẹ̀ yíká. Bó bá jẹ́ fáìlì STEP (fáìlì àwòrán tí a fi ń kó iṣẹ́ láti software kan sí òmíràn) tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí yín, ẹ wọn ìnípọn rẹ̀ láti ojú kan sí ojú kejì, kí ẹ sì fi wé èyí tí ẹ kọ sínú sheet metal rule, ibi tí software ti ń gba ìnípọn irin lọ́wọ́ yín. Bí ẹ bá kọ 2 tí ìwọ̀n rẹ̀ sì jẹ́ 1.98, ibẹ̀ ni ìṣòro wà.