Epo tó mọ́ nìkan kò tó, ẹ yẹ àdàlù rẹ̀ wò

Ẹ kú iṣẹ́ o. Nínú àpilẹ̀kọ yín, ẹ kọ ọ́ pé ó yẹ kí Nàìjíríà máa po epo ọkọ̀ òkun fúnra rẹ̀, torí imí-ọjọ́ (sulphur) inú epo rọ̀bì wa kéré. Mo fara mọ́ ọn gan-an. Láti ìbẹ̀rẹ̀ 2020 ni IMO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ọkọ̀ òkun, ti dín ìwọ̀n imí-ọjọ́ tí kò gbọ́dọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú epo ọkọ̀ òkun kù láti 3.50% sí 0.50%.

Àmọ́ ẹ fo ibi tó le jù. Epo méjì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn dára lè má bára mu rárá. Tí wọ́n bá dà wọ́n pọ̀, asphaltene, ìyẹn èròjà dúdú tó wúwo nínú epo, á ya sọ́tọ̀, á di gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀, á dí asẹ́, ẹ́ńjìnnì á sì kú mọ́ àwọn atukọ̀ lọ́wọ́ láàárín agbami. Ẹ̀mí èèyàn mà ni! Díẹ̀ ló yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ pò, kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, kó tó kan táǹkì ńlá.

Ilé-Ifẹ̀ níbí ni mò ń gbé. Ẹ̀ka ẹnjiníà kẹ́míkà wà ní OAU, yunifásítì tó wà níbí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá bi wọ́n léèrè kí ẹ tó kọ apá kejì àpilẹ̀kọ yín.