Windows 11 Ń Bèèrè Àyè. Àyè Wo?

Ó ti sú mi. Èèyàn ń tẹ iṣẹ́ oníbàárà lọ́wọ́, próójẹ́ẹ̀tì tí ọmọ Yunifásítì fẹ́ lọ fi han sùpáfáísọ̀ rẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú, àfi lójijì tí ìkìlọ̀ bo gbogbo ojú kọ̀ǹpútà: Windows 10 ti parí, ẹ bọ́ sí 11. Ẹ pa á rẹ́, á tún yọjú. A ní ká jẹ èkuru kó tán, wọ́n tún ń gbọn ọwọ́ rẹ̀ sáwo. Tí ẹ bá wá gbà fún un, tí ẹ ní ó dáa, kó máa bọ̀, ìgbà yẹn ló máa sọ fún yín pé àyè inú kọ̀ǹpútà yín kò tó.

Bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà ni mò ń ṣe ní Agbowó níbí, iwájú Yunifásítì Ìbàdàn. Kọ̀ǹpútà ni mo fi ń jẹun, òun ni mo fi ń san owó ilé-ìwé ọmọ. Nítorí náà, kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré lójú mi nígbà tí Microsoft, ilé-iṣẹ́ tó ṣe Windows 10 tó ń darí kọ̀ǹpútà wa, ní àwọn ò ní máa tún un ṣe lọ́fẹ̀ẹ́ mọ́ láti 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025. Tí olè bá rí ihò tuntun lára rẹ̀ báyìí, tí a kò sì forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ wọn, kò sẹ́ni tó máa bá wa dí i. Orí kọ̀ǹpútà yìí làwọn ọmọ ọlọ́mọ ti ń tẹ nọ́ńbà NIN wọn, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń san owó fọ́ọ̀mù. Ta ló fẹ́ fi ìyẹn tàfàlà?

Láptọ́ọ̀pù kékeré tó wà lórí káńtà mi, 64GB ni wọ́n kọ sí i lára. Tí ẹ bá ṣí i, iye tí Windows máa kà fún yín kò tó 60, torí ẹgbẹ̀rún ni ilé-iṣẹ́ fi ń kà, 1,024 ni Windows fi ń kà. Ẹ yọ Windows fúnra rẹ̀ kúrò. Ẹ yọ Word àti Chrome. Ẹ yọ fáìlì tó ń da ohun inú RAM sí nígbà tó bá fẹ́ sùn. Ẹ tún yọ nǹkan bíi 7GB tí Windows ń dá dúró fún update tirẹ̀ lórí àwọn kọ̀ǹpútà tó ń jáde láti ọdún 2019. Kí ló wá kù fún iṣẹ́ èèyàn?

Èyí tó ń ká mi lára jù ni pé 64GB náà ni Microsoft kọ sílẹ̀ pé disk gbọ́dọ̀ jẹ́, ó kéré tán, kó tó lè gba Windows 11. Ẹni tó bá kà á, á ní tòun ti yege. Bẹ́ẹ̀, ìwọ̀n gbogbo disk ni 64 yẹn, kì í ṣe iye tó ṣófo. Fáìlì tó máa wọlé lé ní 5GB. Ó tún gbọ́dọ̀ tú ara rẹ̀ sílẹ̀ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Tó bá sì wọlé tán, kò ní lé Windows 10 jáde lẹ́ẹ̀kan náà, ó máa tọ́jú rẹ̀ sínú fódà tí wọ́n ń pè ní Windows.old fún ọjọ́ 10, bóyá ẹ máa fẹ́ padà sí i. Ayálégbé tuntun ti kó ẹrù dé, ti tẹ́lẹ̀ kò tíì jáde, yàrá kan ṣoṣo ló sì wà nílẹ̀. Ẹni tí disk rẹ̀ jẹ́ 500GB kò lè mọ̀ ọ́n lára. Àwa oní-64 la mọ̀ ọ́n.

Wọ́n á ní kí ẹ pa nǹkan rẹ́. Kí ni kí n pa rẹ́? Iṣẹ́ ọmọ tó ní òun ń padà bọ̀ wá ṣe àtúnṣe? Wọ́n á tún ní kí ẹ ki fíláàṣì bọ̀ ọ́, kó máa fi ṣe àyè fúngbà díẹ̀. Lóòótọ́, Windows gbà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó dá ìmọ̀ràn yẹn kò mọ NEPA Agbowó. Tí iná bá lọ láàárín iṣẹ́ yẹn, tí bátìrì tòkunbọ̀ sì kú, ẹ lè bá kọ̀ǹpútà tí kò dìde mọ́. Dátà ńkọ́? Láti oṣù kìíní ọdún 2025 tí NCC, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ fóònù, ti gbà fún àwọn ilé-iṣẹ́ fóònù pé wọ́n lè fi tó ìdá 50 nínú ọgọ́rùn-ún lé owó wọn, ta ló fẹ́ máa fi 5GB dánwò? Tó bá kọ̀ lójú ọ̀nà nítorí àyè, owó yẹn ti wọgbó nìyẹn.

Ẹ tún wo ìwà ìkà yìí. Kọ̀ǹpútà ńlá tó wà lẹ́yìn káńtà, 500GB ni disk rẹ̀, àyè kún ibẹ̀. Core i5 ti Intel ni ọpọlọ rẹ̀, ìran kẹfà. Ó ń tẹ̀wé látàárọ̀ ṣúlẹ̀, kò ṣàìsàn rí. Wọ́n ní rárá: ti Intel gbọ́dọ̀ jẹ́ ìran kẹjọ sókè, ó sì gbọ́dọ̀ ní TPM 2.0, ìyẹn ohun ààbò kan tó wà nínú kọ̀ǹpútà. Láptọ́ọ̀pù kékeré tí kò lágbára tó ìdajì rẹ̀, wọ́n gba ìyẹn, Celeron tó jẹ́ ọpọlọ rẹ̀ wà nínú èyí tí wọ́n kọ sílẹ̀ pé àwọn gbà. Èyí tó ní àyè, wọ́n kọ̀ ọ́. Èyí tí wọ́n gbà, kò ní àyè. Kí wá ni kí èèyàn ṣe?

Mo gbé èyí kékeré lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Queen Cinema pé kí wọ́n bá mi pààrọ̀ disk rẹ̀ sí 256. Ọmọkùnrin tó tú u wò ó lẹ́ẹ̀kan. Ó ní, "Màámi, kò sí disk tá a fẹ́ yọ níbẹ̀. eMMC ni, wọ́n ti jó o mọ́ bọ́ọ̀dù láti ilé-iṣẹ́." Mo ní ṣé kò sí ọgbọ́n kankan. Ó ní, "Ẹ máa lò ó bẹ́ẹ̀, Mà." Inú mi ru. Ẹni tó tà á fún mi mọ̀ bẹ́ẹ̀! "Ó gbé Windows 11 dáadáa, Mà," lohun tó ń sọ bó ṣe ń ka owó mi. Kò sọ pé kò ṣeé fi kún títí ayé.

Microsoft ní àwọn á ṣì máa fi àtúnṣe ààbò ránṣẹ́ sórí Windows 10 títí di 13 oṣù kẹwàá ọdún 2026 fún ẹni tó bá forúkọ sílẹ̀. Ẹ san dọ́là 30, tàbí kí ẹ jẹ́ kó kó ètò kọ̀ǹpútà yín pamọ́ sọ́dọ̀ wọn. Ọ̀pọ̀ ará Yúróòpù ò san, wọn ò sì béèrè ìkópamọ́ yẹn lọ́wọ́ wọn. Kí la fi ṣẹ̀ wọ́n tí tiwa fi yàtọ̀? Ó tún gbọ́dọ̀ jẹ́ 22H2, ẹ̀dà Windows 10 tó kẹ́yìn, kí ẹ tó lè forúkọ sílẹ̀, ẹni tí àìsí àyè kò jẹ́ kó dé ibẹ̀ wà níta.

Mi ò yí èyí kékeré sí 11, mo ti pinnu. Mo ti forúkọ àwọn méjèèjì sílẹ̀, mo sì kó iṣẹ́ oníbàárà sórí hard disk ìta. Tí àsìkò yẹn bá pé, Linux Mint, ètò ọ̀fẹ́ tó lè rọ́pò Windows, ni mo máa fi sórí èyí kékeré, 20GB ti tó o. Mo mọ̀ pé iṣẹ́ tí wọ́n fi Word ṣe lè tú ká níbẹ̀, tábìlì á sún, nọ́ńbà ojú ìwé á ṣí kúrò, àwọn ọmọ yìí á sì máa pariwo lé mi lórí. Ẹ̀bi ta nìyẹn?

Ẹ̀yin tó ń ta tòkunbọ̀, ẹ kọ ọ́ sí i lára kó hàn: eMMC ni, kò ṣeé pààrọ̀, iye àyè tó kù lẹ́yìn tí Windows wọlé nìyí. Owó èésú là ń kó wá fún yín. Ẹni tó bá tún sọ fún mi pé "Ó gbé Windows 11, Mà," kó tan án níwájú mi, kí n rí i kó ṣe update parí kí n tó mú owó jáde.